Orúkọ Tí Ẹ̀rọ Ummu Kọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, kó lọ bá wọn ní Ṣàpọ́n. Ilé náà ò fara sin. Aṣọ náà wà níbẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ fún un látinú àpótí, á sì fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, n kò ní bù mọ́ ọn, n kò sì ní bù kúrò nínú ẹ̀.

Ummulkulthum ni ìyàwó tó kéré jù nínú ilé náà. Ummu ni gbogbo wọn ń pè é. Mùs'áb ló fẹ́ ẹ, ìdílé Mùs'áb sì ti ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú tipẹ́tipẹ́. Kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ ti Ummu. Ó lè jókòó sídìí rẹ̀ láti àárọ̀ títí oúnjẹ á fi tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó máa rẹ́rìn-ín lóun nìkan. Mùs'áb a ní, "Ìwọ àti ta lẹ jọ ń ṣàwàdà?"

Alhaja, ìyá tó bí bàbá Mùs'áb, ló ni iṣẹ́ àdìrẹ ilé náà. Àwọn aláṣọ yòókù máa ń gbé páànù tí wọ́n fi ń ta láfún sára aṣọ fún ọkùnrin pé kó bá wọn gé ọnà sí i. Alhaja ò gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gé e, ọ̀bẹ kékeré kan ló sì ń lò. Tó bá gé ẹyẹ kan tán, á dúró, á nu ọ̀bẹ náà mọ́ ìró rẹ̀, kó tó gé òmíràn. Kì í kánjú. Ẹni tó bá to ọnà lódì níwájú rẹ̀, á wò ó láti òkè délẹ̀, á ní, "Ta ló kọ́ ẹ?" Ìyẹn nìkan ni. Ojú á wá ti onítọ̀hún, á tún un tò.

Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí sínú ilé náà ni Alhaja máa ń ṣe aṣọ fún. Aṣọ yẹn ni wọ́n fi ń gbé ọmọ jáde lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Kò sí méjì tó jọra. Wọ́n á sọ orúkọ ọmọ sí i létí, á dákẹ́ díẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Bó ṣe ń mọ iye ẹyẹ tí yóò gé, àti iye ewé, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n bi í léèrè títí ó fi kú. Ó kàn máa ń rẹ́rìn-ín ni.

Nígbà tí Mọ́nsúrù, ẹ̀gbọ́n Mùs'áb, gbé Haleemah níyàwó, ọdún ń gorí ọdún, kò sí ọmọ. Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ fi ṣe abẹ́lẹ̀ mọ́. Alhaja nìkan ni kì í bá wọn dá sí i. Bí Haleemah bá wọlé wá kí i, Alhaja á na ọwọ́, á fi kàn án ní ikùn, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Arúgbó tó ti pẹ́ láyé tó báyìí, tó ń pe ọmọ tí wọn ò tíì lóyún ẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n! Haleemah náà á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ míì, ẹkún ló máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀rín yẹn ní yàrá rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Alhaja fẹ́ kú, ó di Haleemah lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé aṣọ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi." Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Ummu ló ní iṣẹ́ náà ò ní parun. Ó ya fọ́tò gbogbo páànù tí Alhaja fi sílẹ̀, ó kó wọn sínú kọ̀ǹpútà. Ó ra ẹ̀rọ kan tó ń gé ọ̀rá líle dípò páànù, tí ọ̀bẹ inú rẹ̀ ò ju ẹnu abẹ́rẹ́ lọ. Ó wá jókòó, ó kọ ètò tí yóò máa pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà.

Ètò yìí ò ní àwòrán kankan tí èèyàn ń fọwọ́ tẹ̀. Ojú dúdú ló ní, pẹ̀lú ìlà kan tí èèyàn ń kọ̀wé sí. O kọ orúkọ ètò náà, o wá to ohun tí o fẹ́ tẹ̀lé e: dáàṣì kan, lẹ́tà kan, àti iye tàbí orúkọ. Dáàṣì àti e, kó o wá kọ mẹ́rin tì í: ẹyẹ mẹ́rin nìyẹn. Ti w ni ewé, ti a ni agboòrùn. Ti n ni orúkọ ẹni tó ni aṣọ. Ẹ̀rọ á gé e sí etí ọ̀rá náà, kí aṣọ má bàa ṣì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ètò náà á máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á wò ó bóyá ó wà lára èyí tí Ummu kọ́ ọ. Tó bá wà níbẹ̀, á ṣe é. Tí kò bá sí níbẹ̀, tàbí tí èèyàn ò bá yan ọnà kankan, ìlà tó kẹ́yìn nínú ètò ló máa já sí. Ummu ti fi àwàdà kọ ọ̀rọ̀ Alhaja sí ìlà yẹn. Ètò á ní, Ta ló kọ́ ẹ? Á sì pa dé.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yẹn kọ́kọ́ jáde lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí. Orúkọ ara rẹ̀ ni Ummu fi dán ètò náà wò lọ́jọ́ náà. Ó gbà á láìjanpata.

Nígbà tó yá, Ọlọ́run dá Haleemah lóhùn. Ó bí ọmọbìnrin, orí rẹ̀ kún fún irun, ohùn rẹ̀ sì ń dé títì. Ayọ̀ gba ilé kan. Mọ́nsúrù ń rìn káàkiri bí ẹni tó sọ nǹkan nù, kò sì sọ nǹkan kan nù. Bí àwọn èèyàn bá ní "Ẹ kú ewu ọmọ," á ní "Àmín," á tún ní "Àmín" kí wọ́n tó sọ òmíràn.

Haleemah ránṣẹ́ pe Ummu sí yàrá.

"Ummu."

"Àǹtí mi."

"Alhaja ní aṣọ ọmọ mi wà lọ́wọ́ òun."

"Mo rántí, Àǹtí mi."

"Mi ò fẹ́ aṣọ míì. Wọ́n ti fi ọmọ yìí ṣe mí lẹ́sín kó tó dáyé. Mi ò fẹ́ kó jáde bí ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò retí." Ó wo ọmọ tó ń sùn. "Aṣọ yẹn nìkan ni mo fẹ́."

"Ẹ ó gbà á. Ọwọ́ mi ni yóò ti jáde."

Ó tètè ṣèlérí. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń gé ẹyẹ. Ẹyẹ mélòó? Kò mọ̀.

Ó gé ọ̀kan, ó gé òmíràn. Bó bá gé e tán, á gbé e lọ fún Bàbá Abdulbaqi. Bàbá yìí ni àbúrò ọkọ Alhaja, òun nìkan ló kù nínú àwọn àgbà ilé náà. Ọmọ kékeré tó ń sáré kiri agbo ilé ni nígbà tí wọ́n gbé Alhaja wọlé ní ìyàwó. Bàbá á gbé ọ̀rá náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, á dín ojú, á mi orí.

"Ó dáa. Kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀."

"Kí ló kù síbẹ̀, Bàbá?"

"Tí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé mi ò ní sọ?"

Ìsọmọlórúkọ wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Aró ṣì ń dúró. Ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ṣú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bàbá Abdulbaqi wọlé tọ Ummu wá, ó di nǹkan kan mọ́ abíyá. Ìbora àtijọ́ kan ni, aró ara rẹ̀ ti ṣá, etí rẹ̀ sì ti ya dànù. Ọdún tí Bàbá fẹ́ ìyàwó ni Alhaja ṣe é fún un.

"Ṣe tèmi ná," Bàbá wí. "Ka ohun tó wà lára ẹ̀, kó o ní kí ẹ̀rọ ẹ gé e. Ká wò ó bóyá ó tiẹ̀ lè fara wé e."

Ìmọ̀ràn gidi ni. Ummu tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀, ó ka ẹyẹ, ó ka ewé. Iná ìjọba lọ. Fíríìjì tó ń kùn ní kọ̀rọ̀ dákẹ́. Agbára oòrùn ló gbé kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ náà dúró. Kò sí ìró kankan mọ́ àfi òjò lórí páànù.

Ó to àwọn àṣàyàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan orúkọ, ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Kì í pe Bàbá lórúkọ. Ó ní, ṣé kọ̀ǹpútà wá ń jẹ́ ẹnu ni? Ó kọ Abdulbaqi síbẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì.

Ẹ̀rọ ò mira. Ìlà kan jáde lójú dúdú náà.

Ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ummu tún un kà. Ó tún un ṣe. Ìlà yẹn kan náà ló jáde. Ó ṣí ètò náà, ó kà á láti òkè délẹ̀. Kò gùn, ó sì mọ gbogbo ìlà inú rẹ̀ bó ṣe mọ ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ta ló kọ́ ẹ wà níbẹ̀, ní ìparí, níbi tó kọ ọ́ sí. Ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ò sí níbì kankan. Ó ní kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ bá òun wá a. Kò rí i.

Ó pe Mùs'áb lórí fóònù.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ kan ètò mi?"

"Ètò wo? Èmi tí mo wà l'Ọ́fàdà nídìí ìrẹsì ìsọmọlórúkọ!"

"Ẹ búra."

"Wọ́láì. Kí ló ṣe é?"

"Ó ń bi mí ní ìbéèrè."

"Dá a lóhùn nígbà náà." Ó ń rẹ́rìn-ín. Ummu pa fóònù. Òun ò rẹ́rìn-ín.

"Kí ló ní?" Bàbá béèrè.

Ummu kà á fún un. Bàbá fa àga, ó jókòó tì í.

"Kọ orúkọ Mọ́nsúrù sí i."

Ó kọ ọ́. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ó dá a dúró.

"Kọ ti ọkọ ẹ."

Mùs'áb. Ẹ̀rọ gbà á.

"Kọ ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ti lọ, Adétáyọ̀."

Ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

"Kọ ti bàbá Mùs'áb."

Ẹ̀rọ gbà á. Òjò ń rọ̀. Nígbà tí Ummu wo Bàbá, ẹ̀rín ló rí lójú rẹ̀. Ẹ̀rín náà kọ́kọ́ rọra bẹ̀rẹ̀, ó wá mì í látòkè délẹ̀, títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Ummu, ìyàwó ilé ni ẹ́. Ṣé o máa ń pe ọmọ tó o bá nílé ọkọ lórúkọ?"

"Rárá, Bàbá."

"Ẹni tó bá ti wà nílé kó o tó dé, ọkọ ẹ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń rákò. O ó wá orúkọ míì fún un. Mọ́nsúrù, Mùs'áb, bàbá wọn, ojú Alhaja ni wọ́n ṣe bí wọn. Èmi àti Adétáyọ̀, a wà nílé kó tó dé." Ó nu ojú. "Obìnrin yẹn bá mi gbé títí mo fi hewú. Kò fi ọjọ́ kan pè mí ní Abdulbaqi."

"Kí ni wọ́n ń pè yín?"

Bàbá wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ẹnì kan lè gbọ́. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ajíṣefínní. Mo fẹ́ràn kí n wẹ̀ kí n para, ní kékeré. Láti ọjọ́ tó ti kú, mi ò gbọ́ ọ mọ́."

Ummu kọ ọ́. Ó ń kánjú, ó gbàgbé láti yan ẹyẹ, ó gbàgbé ewé. Orúkọ nìkan ló kọ, ó sì ti tẹ bọ́tìnì kó tó rí àṣìṣe rẹ̀. Ó ń retí kó ní Ta ló kọ́ ẹ.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gé.

Ó gé ẹyẹ kan. Ó dúró. Ọ̀bẹ kékeré náà gbéra sókè díẹ̀, ó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó padà. Ó wá gé òmíràn. Ó tún dúró, ó tún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ yẹn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ummu àti Bàbá ń wò ó, wọn ò wo ara wọn. Àwọn méjèèjì ló mọ ẹni tó máa ń nu ọ̀bẹ lẹ́yìn ẹyẹ kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó parí, wọ́n gbé ọ̀rá náà lé orí ìbora àtijọ́ yẹn. Ẹyẹ bọ́ sórí ẹyẹ. Ewé bọ́ sórí ewé. Bàbá fi ìka tọ gbogbo rẹ̀ títí dé etí, níbi tí orúkọ tí wọn ò pè é mọ́ wà. Ó sunkún bí ọmọdé, inú rẹ̀ sì dùn.

"Pe Haleemah," ló sọ.

Haleemah gbé ọmọ wá, Mọ́nsúrù tẹ̀lé e. Bàbá rò fún wọn. Mọ́nsúrù ò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín tàbí kóun sá jáde, ó wá dúró sí agbede méjì.

"Bọ̀dá, ẹ sọ orúkọ ọmọ sí mi létí," Ummu wí. "Ọmọ yìí ò bá Alhaja nílé. Wọ́n á gbà á."

Mọ́nsúrù bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ sí i létí. Màríámù Adépéjú. Ummu kọ Adépéjú, ó tẹ bọ́tìnì.

Ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Òjò ti ń dá. Omi ń kán láti etí òrùlé. Ummu kọ Màríámù. Ìdáhùn kan náà ni.

"Kò yé mi," Mọ́nsúrù wí. "Ṣebí àwọn tó ṣáájú ẹ̀ délé nìkan ni kì í pè lórúkọ?"

Bàbá Abdulbaqi la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó wo ọmọ ọwọ́ náà fún ìgbà pípẹ́.

Haleemah ni ò dààmú. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ó ti ń gbọ́ ìbéèrè yẹn láti ìgbà tó ti wọ ilé náà, ó sì ti fi í sunkún rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Kọ Ẹ̀gbọ́n mi síbẹ̀."

Ummu kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ méjì sí ibi orúkọ nínú ètò yẹn gbọ́dọ̀ fi àmì há méjèèjì sáàárín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ètò á mú ti àkọ́kọ́, á fi èkejì sílẹ̀. Ummu ló kọ ètò náà, kò yẹ kó gbàgbé. Ó gbàgbé. Ó ti tẹ bọ́tìnì.

Ọ̀bẹ kékeré náà gbéra. Ó dúró díẹ̀ lókè ọ̀rá, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ orúkọ fún. Ó wá sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń gé e, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń dúró. Ọmọ jí, kò ké. Ó yí ojú sí ibi tí ìró náà ti ń wá, ó ń rẹ́rìn-ín irú èyí tí ìkókó máa ń rín sí ohun tí àgbà ò rí. Haleemah náà ń rẹ́rìn-ín. Mọ́nsúrù di ejìká ìyàwó rẹ̀ mú, kò jẹ́ kó lọ.

Nígbà tó parí, etí ọ̀rá náà ni Ummu kọ́kọ́ wò. Ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló wà níbẹ̀. Ó wá wo àárín. Ẹyẹ méjì péré ni, ewé yí wọn ká. Ẹyẹ ńlá kan ṣáájú, ẹyẹ kékeré kan tẹ̀ lé e. Èyí tó ṣáájú yí ọrùn padà, ó ń wo kékeré ẹ̀yìn rẹ̀.

Gbogbo ẹyẹ tí Alhaja gé láyé rẹ̀, iwájú ni wọ́n ń wò. Kò sí ẹyẹ tó bojú wẹ̀yìn nínú páànù rẹ̀. Kò sí nínú kọ̀ǹpútà Ummu.

"Ọwọ́ ẹ̀ nìyí," Bàbá wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Wọ́n gba orí ọ̀rá náà ta láfún sára aṣọ, wọ́n rì í bọ aró, wọ́n sá a. Ummu ò fi bẹ́ẹ̀ lè dúró nídìí ìkòkò. Òórùn aró tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ń mú kí èébì gbé e, itọ́ ló ń tu káàkiri. Ó ní àárẹ̀ ni. Àwọn aláró wo ara wọn.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Oòrùn ràn, òkè Olúmọ mọ́ kedere lọ́ọ̀ọ́kán. Òórùn ìrẹsì Ọ̀fàdà àti ata tútù gba gbogbo àdúgbò. Lẹ́mọ́mù pe ìrun sétí ọmọ, ó pe orúkọ rẹ̀, gbogbo èèyàn ṣe àmín. Wọ́n wá tú aṣọ náà, wọ́n fi gbé ọmọ jáde. Aláwọ̀ aró tó jinlẹ̀, pẹ̀lú ẹyẹ funfun méjì. Àwọn obìnrin Ìtòkú tó mọ iṣẹ́ Alhaja figbe ta. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ pa aṣọ náà, ó ní, "Ta ló gé èyí? Ṣebí obìnrin yẹn ti kú?"

Haleemah ò dúró gbọ́ èsì. Ó ti gbé ọmọ rẹ̀ sókè, ó ń jó. Obìnrin tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn láti ọjọ́ yìí, ó jó dé iwájú ẹni tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù, ó yí ìdí sí i, ó jó padà. Gbogbo ilé hó. Ummu rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn ún. Ìlérí ti kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, èrò ń lọ sílé. Ummu wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ó fẹ́ pa kọ̀ǹpútà. Ó rí ojú dúdú náà. Kò mọ ohun tó ṣe é tó fi jókòó. Bóyá ó fẹ́ mọ̀ bí ètò rẹ̀ ti padà bọ̀ sípò.

Ó kọ Mọ́nsúrù.

Ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ó dúró. Ètò náà ti gbà á lọ́jọ́sí. Ó kọ Haleemah. Ìdáhùn kan náà. Ó kọ Mùs'áb. Ìdáhùn kan náà. Gbogbo ẹni tó wà nínú ilé ló kọ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kò gba ẹyọ kan. Lójú ẹni yòówù tó wà nídìí ètò yẹn, gbogbo ilé ti di àgbà.

Nínú ilé, ẹnì kan ni kì í lẹ́ni tó lè pè lórúkọ: ẹni tó bá dé kẹ́yìn.

Ó ku orúkọ kan. Òun ni orúkọ tí ètò náà kọ́kọ́ mọ̀ láyé rẹ̀. Ó kọ Ummulkulthum.

Ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ummu jókòó sójú kan. Ó rántí òórùn aró. Ó rántí ojú àwọn aláró. Ó ka oṣù tó kọjá nínú ọkàn rẹ̀, ó tún un kà, nítorí kò rí nǹkan oṣù rẹ̀, ó sì ti dá iṣẹ́ lẹ́bi. Ó rántí Bàbá Abdulbaqi tó la ẹnu, tó sì pa á dé. Ó wá rántí ẹyẹ kékeré tó wà lẹ́yìn, èyí tí ẹyẹ ńlá ń bojú wò.

Ẹ̀rù bà á. Kí ẹ̀rù náà tó tán, ayọ̀ ti dé bá a lọ́kàn, ayọ̀ tó pọ̀ débi pé ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó fi ọwọ́ kejì kan ikùn rẹ̀.

"Ummu!" Haleemah ń pè é láti ìta. "Wá jẹun! O ò tíì jẹ nǹkan látàárọ̀."

"Mò ń bọ̀, Àǹtí mi."

Kò dìde. Ó mọ orúkọ tí Alhaja yóò fẹ́ láti fi pe òun. Orúkọ kan ṣoṣo ló kù tí ọmọ inú rẹ̀ lè fi pè é. Ó kọ dáàṣì, ó kọ lẹ́tà náà, ó wá rọra kọ ọ̀rọ̀ méjì tì í. Ìyá mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ó rántí fi àmì há wọn sáàárín.

Kò tíì tẹ bọ́tìnì. Títí dòní, ó ní òun ò tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀bẹ kékeré inú ẹ̀rọ náà gbéra. Ó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó padà, ó sì dúró.